Orúkọ Tí Wọ́n Fi Orin Bò

Ojúlé Kọkànlá,
Òpópónà Ọlọ́runṣògo,
Ẹ̀gbẹ́dá, Èkó.
Ọjọ́ kejì, oṣù kọkànlá, ọdún 1996.

Adébùnmí ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí Akínbọ́lá ọkọ rẹ, mo sì kí ọmọ-ọmọ mi tí mi ò tíì gbé jó tó. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà? Ṣé ọyẹ́ Kàdúná kò tíì máa la ọmọ náà lẹ́nu? Tó bá jẹ́ tiwa ni, ara wa le. Ẹsẹ̀ mi tó máa ń wú ti rọlẹ̀ díẹ̀. Ìyá rẹ ń jẹun, ó sì ń sùn. Mo kọ ìyẹn sókè níbí kí o lè kọ́kọ́ kà á. Fi í sọ́kàn bí o ṣe ń ka ìyókù lọ.

Àmúsà tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù ni yóò mú lẹ́tà yìí wá fún ọ. Mo ti ra sítáǹpù tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbọ́ pé ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín, mo tọ́jú sítáǹpù náà di ìgbà mìíràn. Iwájú àti ẹ̀yìn ìwé ni mo kọ ọ̀rọ̀ sí, nítorí náà rí i pé o yẹ gbogbo rẹ̀ wò. Ilé wa ní Ayọ̀bọ̀ ti ga kọjá ojú fèrèsé. Mo dá a dúró síbẹ̀ ná, nítorí èmi tí mo ń ṣe búlọ́ọ̀kù fún gbogbo ayé, agbára mi kò ká sìmẹ́ǹtì tèmi lọ́dún yìí.

Ohun tó mú mi kọ̀wé gan-an nìyí. Fíìmù kan ti jáde tí wọ́n pè ní Ajé Eléèéfín. Táyà tó ń jó àti ọlọ́pàá tó na ìbọn ló wà lára páálí kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Wọ́n ń tà á ní Ìyànà Ìpájà bí ẹni ń ta búrẹ́dì, Àmúsà sì sọ fún mi pé òun ti rí i lọ́wọ́ àwọn Yorùbá tó ń ta kásẹ́ẹ̀tì ní Kàdúná níbẹ̀ yẹn. Bùnmí, ìyá rẹ wà nínú fíìmù náà. Kò di òṣèré o. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ pé nínú pálọ̀ ẹlòmíràn ni wàá jókòó sí, tí wàá kàn rí i lójijì níbi tó ti ń sunkún lójú títì. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n sọ bó ṣe jẹ́ fún ọ.

Ṣùgbọ́n mi ò lè dé orí fíìmù láì kọ́kọ́ sọ bí Gbénga àbúrò rẹ ṣe kú. O mọ̀ pé ìbọn ni. Ìyókù la fi pa mọ́ fún ọ, nítorí oyún wà nínú rẹ lọ́dún 1993 yẹn, dókítà sì ti ní ẹ̀jẹ̀ rẹ ń ga. Ní ọjọ́ Ajé tí ará ìlú tú jáde nítorí ìbò tí wọ́n fagi lé, kò sí ọkọ̀ kankan lójú títì. Gbénga fẹsẹ̀ rìn bọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀ ní Ìyànà Ìpájà. Rédíò oníbàárà kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó fẹ́ parí àtúnṣe rẹ̀ nílé. Àwọn ọ̀dọ́ ti dáná sun táyà. Ibi tí èéfín ti bo gbogbo ilẹ̀ ni àwọn ọlọ́pàá kògbérégbè ti bẹ́ sílẹ̀ látinú ọkọ̀ wọn, wọ́n ń fi igi na ẹni tí ọwọ́ wọn bá bà, wọn ò wo arúgbó, wọn ò wo aláboyún. Nùrẹ́nì tó ń lẹ táyà nítòsí ilé wa sá sẹ́yìn kíósì rẹ̀, ìṣojú rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ sì ṣe. Ó ní ọlọ́pàá kan jágbe mọ́ Gbénga pé kó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Gbénga kò sá. Ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fẹ́ rọra gbé rédíò náà kalẹ̀, torí pé kì í ṣe tiẹ̀. Níbi tó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ yẹn ni wọ́n yìnbọn fún un.

Èmi ni mo kọ́ ẹ̀yin méjèèjì pé ohun olóhun kì í já bọ́ lọ́wọ́ ẹni.

Àwọn Nùrẹ́nì àti àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ló gbé e. O mọ àṣà wa. Òbí kì í fojú rí òkú ọmọ rẹ̀, òbí kì í mọ ojú oórì rẹ̀. Wọ́n ti ilẹ̀kùn yàrá mọ́ ìyá rẹ, àwọn ìyá ìjọ jókòó dí ẹnu ọ̀nà. Ó bẹ̀ wọ́n títí pé òun kò ní pariwo, pé kí wọ́n sáà jẹ́ kí òun fọwọ́ kan àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lásán. Wọ́n ní a kì í ṣe é. Èmi náà ní a kì í ṣe é. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti sin ín. Títí dòní mi ò mọ ibi tó wà, mi ò sì béèrè. Àwọn àgbà tún kìlọ̀ pé kí a má ṣe dárúkọ rẹ̀ nínú ilé mọ́, kí ikú má baà rò pé a ṣì ń pè é. A kò dárúkọ rẹ̀ mọ́ lóòótọ́. Bí ìyá rẹ bá fẹ́ sọ nǹkan nípa rẹ̀, á ní “ọmọ yẹn,” á sì dákẹ́.

Mo lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n ní àwọn kò yin ìbọn fún ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà, wọ́n sì bi mí bóyá inú mi ò dùn pé èmi ṣì wà láàyè ni. Mo ra ìwé ìròyìn. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé “àwọn kan” pàdánù ẹ̀mí wọn. Èmi kò kàwé ju ìwé mẹ́fà lọ, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá wá ra búlọ́ọ̀kù lọ́dọ̀ mi, mi ò lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo ta “àwọn kan.” Iye ni mo máa kọ, màá sì kọ orúkọ ẹni tó rà á.

Ó di ọdún yìí, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Ọlátúnbọ̀sún wá sí ìpàdé àdúgbò wa. Ó ní òun ń ṣe fíìmù, pé ohun tí àwọn ọlọ́pàá fojú wa rí lọ́dún náà ni òun fẹ́ fi ṣeré, kí àwọn ọmọ tí wọ́n ń bí lẹ́yìn rẹ̀ lè mọ̀. Ó bẹ̀ wá pé kí a jẹ́ kí òun lo ojú títì iwájú ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ ní Sátidé ìmọ́tótó, nígbà tí ìjọba kò jẹ́ kí ọkọ̀ rìn. Mo rò ó nínú ara mi pé ọkùnrin yìí mọ ìṣirò: ìjọba ti bá a lé gbogbo ọkọ̀ kúrò lójú títì lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn àgbà àdúgbò gbà fún un. Nígbà tí mo délé, mo sọ fún ìyá rẹ, mo sì ní kó dúró sílé lọ́jọ́ náà. Ó ní bí òun kò bá gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù òun, wọléwọlé yóò bu owó ìtanràn lé òun, ṣé èmi ni màá san án? 

Nígbà tí Sátidé náà pé, àwọn eléré kó ọkọ̀ wọn dé ní kùtùkùtù. Aṣọ ọlọ́pàá tí wọ́n rán kò ní bọ́tìnnì tó pé. Ta ló tún ń ta bọ́tìnnì ní àdúgbò yẹn bí kò ṣe ìyá rẹ? Ó ṣílẹ̀kùn, ó ṣa bọ́tìnnì tó bá aṣọ wọn mu, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán méjì mọ́ àyà ọ̀kan nínú wọn. Nígbà tí wọ́n sanwó, Mọ̀dínátù tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìyá rẹ na ìgbálẹ̀ sí wọn, ó ní: “Ẹ wá wo ọlọ́pàá tó ra ọjà tó sì sanwó! Ẹ̀yin ará, ọkàn mi ti balẹ̀, eré ni wọ́n ń ṣe.” Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ náà rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ hàn síta. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí eyín rẹ̀ kẹ́yìn.

Mo dúró lódìkejì títì láti máa wò wọ́n. Wọ́n dáná sí táyà. Àwọn ọlọ́pàá inú eré bẹ̀rẹ̀ sí í fi igi na ènìyàn, igi fífúyẹ́ ni, ṣùgbọ́n ariwo tí wọ́n ń pa kò fúyẹ́. Ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Táyéwò ló ń ṣe ọmọ tí wọ́n máa pa. Nínú eré náà, Délé ni wọ́n ń pè é. Ó sáré wọ inú èéfín, ìbọn dún, ó sì ṣubú. Omi pupa tí wọ́n dì sínú ọ̀rá lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bẹ́, ó ń ṣàn lórí ọ̀dà.

Mo rí i tí ìyá rẹ gbé ìgbálẹ̀ rẹ̀ ti ara ògiri. Ó rékọjá gọ́tà. Ó gba àárín àwọn ọlọ́pàá yẹn kọjá bí ẹni pé kò sí ènìyàn níbẹ̀. Ó jókòó sórí ọ̀dà, ó gbé orí ọmọ náà lé itan rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè é: “Gbénga. Gbénga Àlàó. Gbénga mi.” Ó ń fi etí aṣọ rẹ̀ nu ojú ọmọ náà, ó ń pa bọ́tìnnì ọrùn rẹ̀ dé. Ọlọ́pàá tó yìnbọn ṣí fìlà rẹ̀, ó ń sunkún. Ọlátúnbọ̀sún kò ní kí ẹnikẹ́ni dá kámẹ́rà dúró. Èmi fẹ́ lọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ṣe ni ẹsẹ̀ mi rì bí ẹsẹ̀ ẹni tó kó sínú kọnkéré tútù. Mọ̀dínátù ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, lẹ́yìn náà ni mo tó débẹ̀. Nígbà tí a fà á dìde, kò bá wa jà. Ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó padà síwájú ṣọ́ọ̀bù, ó mú ìgbálẹ̀ rẹ̀, ó sì gbá ibi tó kù.

Gbígbá tó padà lọ gbá ilẹ̀ yẹn gan-an ló ba gbogbo wa lẹ́rù. Kí ọjọ́ náà tó rọ̀, ọ̀rọ̀ ti kárí pé orí Ìyá Bùnmí ti dàrú, pé ó gbé ọmọ ọlọ́mọ ó ní tòun ni. Àwọn ènìyàn ò rán ọmọ wọn lọ ra òwú lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ránṣẹ́ láti Ìjẹ̀bú-Igbó pé èèwọ̀ ni, ìyá kì í gbé òkú ọmọ rẹ̀ lé itan, kódà nínú eré, àfi ká tètè wá nǹkan ṣe sí i. Mo ti ṣọ́ọ̀bù náà pa, mo sì mú ìyá rẹ lọ sí ilé àdúrà kan ní Ìgàndó. Wọ́n gbààwẹ̀ fún un, wọ́n ta òróró sí i lórí. Ó ń ṣe àmín sí gbogbo rẹ̀. Kò jiyàn pẹ̀lú ẹnikẹ́ni. Mo rò pé àìsàn náà ló mú un dákẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ìgàndó ni ìyá rẹ ṣì wà nígbà tí Ọlátúnbọ̀sún wá bá mi nílé. Ó dọ̀bálẹ̀. Ó ní òun kò mọ̀ pé irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí wa, ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí òun yà, kò sí èyí tó dà bí ẹkún ìyá rẹ, àti pé òun kò ní fi í sínú fíìmù bí a kò bá fọwọ́ sí i. Ó gbé àpòòwé kan kalẹ̀ síwájú mi. Ìwọ mọ irú ẹni tí mo jẹ́. Mi ò ṣí i wò. Mo tì í padà sí i, mo ní kó yọ gbogbo rẹ̀ kúrò, n kò fẹ́ kí gbogbo ayé máa háyà ìtìjú ilé mi lọ wò. Ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n kí n bá òun tún un rò, òun yóò dúró di òpin ọ̀sẹ̀.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí ni Táyéwò wá. Ní Baruwa ló ń gbé pẹ̀lú àwọn òbí rẹ̀. Tí Gbénga bá wà, wọn ò ní ju ara wọn lọ. Mo fẹ́ lé e lọ ní tòótọ́, nítorí n kò lè wo ojú rẹ̀. Ó ní òun gbọ́ pé wọ́n ti gbé Màmá lọ sílé àdúrà, ohun tó gbé òun wá nìyẹn. Ó kúnlẹ̀, ó ní:

“Bàbá, orí Màmá ò dàrú o. Nígbà tí wọ́n gbé orí mi lé itan, ẹ̀rù bà mí, mo fẹ́ dìde. Ni wọ́n bá fẹnu sí mi létí. Wọ́n ní, ‘Ọmọ ọlọ́mọ, má tíì dìde. Jọ̀ọ́. Fi ara rẹ sílẹ̀ fún mi díẹ̀ sí i.’ Ni mo bá di èémí mi mú.”

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo bi í ìdí tí kò fi sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ yìí. Ó ní òun rò pé ọ̀rọ̀ àárín òun àti Màmá ni, pé kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí òun máa sọ kiri.

Mo lọ sí Ìgàndó lọ́jọ́ yẹn kan náà. Ìyá rẹ jókòó lórí bẹ́ńṣì níta, ó ń bá wọn ṣa ẹ̀wà. Mo jókòó tì í. Mo bi í bóyá ó mọ̀ pé ọmọ tó gbé lọ́jọ́ Sátidé yẹn kì í ṣe tiwa.

Ó wò mí bí ẹni pé èmi ni nǹkan ń ṣe. Ó ní: “Bàbá Bùnmí, ṣebí èmi ni mo rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ wọn.”

Mo ní kí ló dé tó fi jẹ́ kí a gbé e wá síbí, tí kò sọ̀rọ̀. Ó ní ta ló bi òun? Gbogbo wa là ń gbàdúrà fún òun, kò sí ẹni tó bi òun ní nǹkan kan. Ó ń ṣa ẹ̀wà náà lọ, kò sunkún. Lẹ́yìn náà ló wá sọ èyí tí mo fẹ́ kí ìwọ náà gbọ́ bó ṣe sọ ọ́ gan-an:

“Ẹ ò jẹ́ kí n gbé tèmi. Mo yá ti ẹlòmíràn, mo gbé e díẹ̀, mo sì dá a padà.”

Bùnmí, mo sún mọ́ ọn. Mo bá a ṣa ẹ̀wà. Nígbà tó yá, mo sọ fún un pé àwọn eléré fẹ́ fi ẹkún rẹ̀ sínú fíìmù, pé mo sì ti ní kí wọ́n yọ ọ́. Mo rò pé yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní kí n lọ sọ fún wọn pé kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi ohunkóhun tí wọ́n bá fẹ́ hàn, àní omijé òun àti orí òun tí kò wé gèlè, ṣùgbọ́n kí wọ́n jẹ́ kí orúkọ tí òun pè wà níbẹ̀. Ó ní ọmọ náà kò sí nínú ìwé ọlọ́pàá, kò sí nínú ìwé ìròyìn, kò sí lẹ́nu wa nínú ilé. “Ibẹ̀ nìkan ló ṣẹ́kù tí ẹnì kan ti pè é.”

Mo mú un bọ̀ wálé. Lọ́jọ́ kejì, èmi àti Táyéwò lọ bá Ọlátúnbọ̀sún, mo sì jẹ́ iṣẹ́ ìyá rẹ fún un láì yọ nǹkan kan kúrò. Inú rẹ̀ dùn. Ó kàn ní ìṣòro kan wà, pé Délé lorúkọ ọmọ inú eré, bí àwọn tó ń wò ó bá gbọ́ Gbénga, wọn ò ní mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní ohun tí ìyá rẹ béèrè kò ju ìyẹn lọ. Ó ní òun yóò wo ohun tí òun lè ṣe. Ọ̀rọ̀ tí mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Bó bá jẹ́ pé ọjà búlọ́ọ̀kù ni, mi ò ní gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí fíìmù náà jáde, a háyà rẹ̀, a sì wò ó nílé Mọ̀dínátù, nítorí àwa kò ní ẹ̀rọ tó ń gbé kásẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ṣe é dáadáa, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Bí àwọn ọlọ́pàá ṣe ń na ènìyàn, bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Nígbà tó dé ibi tí ọmọ náà ṣubú sí, ìyá rẹ gbá etí aṣọ rẹ̀ mú, ó sún síwájú lórí àga. Mo rí i lójú ẹ̀rọ tó rékọjá gọ́tà. Mo rí i tó jókòó sórí ọ̀dà. Ẹnu rẹ̀ là láti pè é, ni orin bá bẹ̀rẹ̀. Fèrè àti ohùn àwọn obìnrin ni. Orin náà dùn. Ó bo gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹnu ìyá rẹ ń ṣí, ẹnu rẹ̀ ń pa dé, a kò gbọ́ nǹkan kan.

Mọ̀dínátù sọ pé bóyá ẹ̀rọ òun ló bàjẹ́. 

Lẹ́yìn náà ni ìyá rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í pè é láti orí àga tó wà. Kò pariwo. Ó ń wo ẹnu ara rẹ̀ lójú ẹ̀rọ, ó sì ń tẹ̀lé e: “Gbénga. Gbénga Àlàó. Gbénga mi.” Ẹnu rẹ̀ tó wà lójú ẹ̀rọ àti ẹnu rẹ̀ tó wà lórí àga kò fi ìgbà kan yàtọ̀. Ó mọ gbogbo rẹ̀ lórí. Nígbà tó pè é ẹlẹ́ẹ̀kẹta tàbí ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, mo gbọ́ ohùn ọkùnrin tó ń bá a pè é, ó sì pẹ́ díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé èmi ni.

Ọlátúnbọ̀sún wá tọrọ àforíjì. Ó ní kásẹ́ẹ̀tì ti kúrò lọ́wọ́ òun, ó ti dé ìlú tí òun kò mọ̀. Mi ò bú u. Láti ọdún 1993, òun nìkan ni àlejò tó wá sí àdúgbò wa nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Ajé yẹn. A ti ṣí ṣọ́ọ̀bù padà. Àwọn ènìyàn ń wá láti Ìkọ̀tún àti Ìdímù, wọ́n á ra òwú kan, wọ́n á dúró máa wo ìyá rẹ, wọ́n á ní, “Màmá, ẹ mọ eré ṣe o, ẹkún yẹn wọ̀ wá lára.” Á ní kí wọ́n ṣeun. Á ka ṣéńjì wọn fún wọn.

Nítorí náà, Bùnmí, bí o bá rí fíìmù náà, má sá fún un. Wò ó. Nígbà tí ìyá rẹ bá jókòó sójú títì tí orin bá gòkè, má ṣe fetí sí orin. Orúkọ àbúrò rẹ ló wà lábẹ́ rẹ̀. Jọ̀ọ́, bá wa pè é sókè ní Kàdúná, kí ọmọ rẹ náà gbọ́ pé òun ní ẹ̀gbọ́n ìyá— mo ṣìwí, àbúrò ìyá, tó ń jẹ́ Gbénga. A ò bẹ̀rù kí ikú gbọ́ mọ́. Ó ti gbọ́ tẹ́lẹ̀.

Ọlọ́run tó mọ iye irun orí wa kò ní jẹ́ kí ìwọ rí ohun tí a rí. Ọmọ rẹ yóò jáde ní àárọ̀, yóò sì wọlé ní ìrọ̀lẹ́. Ọwọ́ aláṣọ ìjọba kò ní bà á. Akínbọ́lá kò ní ṣe iṣẹ́ àṣedànù, ẹ̀yin méjèèjì ni yóò sin èmi àti ìyá rẹ, ẹ ó sì mọ ojú oórì wa. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ, bàbá Gbénga pẹ̀lú,

Zacchaeus Ṣóbọ̀wálé.

Àfikún: Má wulẹ̀ ra kásẹ́ẹ̀tì náà. Háyà rẹ̀ ni kí o háyà. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè wò ó lẹ́ẹ̀mejì.